Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Kúrò Nílẹ̀

Àmọ̀tẹ́kùn kan wà nígbà kan rí ní ọgbà ẹranko ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, Sarah ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ó sá ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 5.95. Usain Bolt, tí ọmọ ènìyàn kankan kò tíì sáré tó, lo 9.58 fún ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì dé ẹ̀fà, Sarah ti dé òpin pápá. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yóò kàn rí ohun aláwọ̀ yẹ́lò kan fìrí, pẹ̀lú àmì dúdú lára rẹ̀, lẹ́yìn náà koríko tó ń mì.

Ìwé ìròyìn National Geographic fẹ́ kí a rí ohun tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn, Greg Wilson ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ya eré àmọ̀tẹ́kùn márùn-ún, Sarah sì wà lára wọn. Fíìmù kékeré tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n pè ní “Cheetahs on the Edge”. Mo ti wo fídíò slow motion tó pọ̀, ti bọ́ọ̀lù, ti ijó, ti ìpolówó ọtí tí omi ń ta sílẹ̀ lára ìgò, àmọ́ èyí ni mo máa ń padà sí. Ohun tó ń fà mí padà ni ìpinnu tó wà lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwa tí à ń wò ó ní àsìkò rẹpẹtẹ. Ẹni tó ń yà á kò ní rárá. Ohun tí a ó fi odindi ìṣẹ́jú márùn-ún wò, wọ́n ti gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀ tán kí ẹranko náà tó gbéra: ibi tí kámẹ́rà yóò wà, bí yóò ṣe yára tó, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà, ibi tí lẹ́ǹsì yóò ti mú nǹkan gaara. Àwọn ènìyàn a máa pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ onísùúrù, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìyára tó wà nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n lè gbójú kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwòrán tó dúró sójú kan ni sinimá, ọ̀pọ̀ wọn ni a tò tẹ̀lé ara wọn, 24 sì ń kọjá níwájú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fúréèmù ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ẹyọ kan. Bí kámẹ́rà bá ya 24, tí a sì fi 24 hàn, ìrìn á rí bó ṣe rí gan-an. Bí ó bá ya 1200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì ń fi 24, 24 hàn, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn á di àádọ́ta. Iye tí Wilson lò nìyẹn, 1200, lórí kámẹ́rà Phantom tí ilé-iṣẹ́ Vision Research ní New Jersey ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012 yẹn kan náà ni àjọ tó ń fúnni ní ẹ̀bùn Oscar bu ọlá fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe irú kámẹ́rà náà. Eré tí kò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà á wá di fúréèmù tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje, á sì tó wò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kámẹ́rà ló sáré ju àmọ̀tẹ́kùn lọ, òun ni àmọ̀tẹ́kùn fi falẹ̀ lójú wa.

Kọ̀ǹpútà lè fa fídíò lásán gùn lónìí. Á mú fúréèmù kan àti èyí tó tẹ̀lé e, á sì méfò ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn. Fún ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́, ó lè ṣe é dé àyè kan. Fún ẹsẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ lójú eré, àlá lásán ni yóò fi kún un. Ohun tí kámẹ́rà kò bá yà, kò sí níbẹ̀.

Iye fúréèmù nìkan kò sì tó. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ́. Lórí kámẹ́rà sinimá, ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí ojú rẹ̀ là fún ìdajì àsìkò tí fúréèmù kan ní. Ní 24, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú 48 ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n wọn eré Sarah, ó sì tó kìlómítà 98 ní wákàtí kan. Ẹranko tó bá ń sá bẹ́ẹ̀ á ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 57 kí ojú kámẹ́rà yẹn tó padé. Ẹsẹ̀ á di òjìji, àmì ara á di ìlà gbọọrọ. Ní 1200, tí a bá tẹ̀lé ìlànà kan náà, ojú kámẹ́rà á là fún ìdá kan nínú 2400, díẹ̀ ni ohun tí ẹranko náà á sì fi rìn kọjá sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo. Ìdí rèé tí a fi lè ka irun gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ nínú fíìmù náà, lójú eré, láìsí pé ọ̀kan wọ inú èkejì.

Ìmọ́lẹ̀ ni èyí ń ná wọn. Ojú tó là fún ìdá kan nínú àádọ́ta àsìkò, ìdá kan nínú àádọ́ta ìmọ́lẹ̀ ni yóò gbà. Ẹ mú yàrá tó mọ́lẹ̀ dáadáa lójú yín, yàrá tí ẹ ti lè kàwé láìfojú wá lẹ́tà. Ní 1200, kámẹ́rà á rí i bí ìrọ̀lẹ́ tó ti ṣú. Nínú ilé, iná ńláńlá ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ooru ibẹ̀ a sì máa yọ́ nǹkan tí wọ́n gbé síwájú lẹ́ǹsì kí wọ́n tó yà á tán. Àwọn tí wọ́n ń ya oúnjẹ fún ìpolówó mọ ìyà yìí dáadáa. Ní pápá Cincinnati, oòrùn ni iná wọn. Òun lágbára tó, ṣùgbọ́n kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ̀tẹ́kùn náà kò gbà á. Kì í ṣe ẹran tí a lè ní kó padà sẹ́yìn kó tún sá a bó ṣe sá a lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìmí á ti tán nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi. Gbogbo ìgbà tó bá sá ló ṣe iyebíye.

Níbi irin tí kámẹ́rà ń sáré lé lórí ni ọgbọ́n Wilson ti wú mi lórí jù. Bí ó bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí lẹ́ǹsì sì gba ìbú mítà mẹ́ta, Sarah á kọjá níwájú rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìṣẹ́jú àáyá. Lórí àwòrán, ìyẹn á fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún àbọ̀, kó tó jáde kúrò nínú fúréèmù. A ó rí ìgbésẹ̀ kan, bóyá ààbọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì fi ọwọ́ yí kámẹ́rà tẹ̀lé e láti ojú kan náà, ẹ̀gbẹ́ ẹran náà ni a ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀, a kò sì ní mọ èwo nínú ìyípadà náà jẹ́ ti ara àmọ̀tẹ́kùn, èwo jẹ́ ti ibi tí a ti ń wò ó. Wọ́n wá to irin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àmọ̀tẹ́kùn yóò gbà, ó gùn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, wọ́n gbé kámẹ́rà lé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń darí láti òkèèrè, kẹ̀kẹ́ náà sì ń sáré bá ẹran náà lọ ní ẹ̀gbẹ́. Níwájú, ohun kékeré kan tí okùn ń fà ni àmọ̀tẹ́kùn ń lé.

Irin tó bá ọ̀nà lọ lọ́gbọọgba yanjú wàhálà méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ẹran náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sì jẹ́ kí àyè tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń mú nǹkan gaara kò ní láti máa lé e kiri. Ohun tó kù ni kí eré méjèèjì bára mu. Ẹ rántí pé àmọ̀tẹ́kùn kì í sá eré kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Láti ìdúró ló ti ń gbéra, ní ìgbésẹ̀ mélòó kan ó ti kúrò ní ẹni tó ń rìn, ó ti di ẹni tó ń bá mọ́tò lórí ọ̀nà márosẹ̀ dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ tó bá pẹ́ gbéra díẹ̀ á fi orí ẹran sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ níta fúréèmù; èyí tó bá yá jù, orí nìkan ló máa yà. Nínú eré lásán, ojú lè fo àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Nínú slow motion, àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá á dúró lójú àwòrán fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbáko. Gbígbọ̀n tí kẹ̀kẹ́ bá gbọ̀n lórí irin náà kì í sọnù. Á di ìmì rọra rọra, bí ìgbà tí òòyì bá ń kọ́ni, èyí tí yóò mú kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀. Nínú àwòrán wọn, àmọ̀tẹ́kùn dúró sáàárín fúréèmù bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wò ó, wọn kò sì ní ro ti kẹ̀kẹ́ rárá. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó.

Ohun tí wọ́n rí gbà ńkọ́? Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Èjìká ń lọ sókè sódò, ẹ̀yìn ń tẹ̀, ó ń nà, ikùn ń fì sọ́tùn-ún sósì, orí kò mì. Ìlà dúdú méjèèjì tó ti igun ojú sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu wà níbi tí wọ́n wà. Ara yòókù ń jà, ojú tẹ̀ mọ́ ohun tó ń lé. Bí a bá sì gbé ojú wa kúrò ní orí lọ sí ẹ̀yìn, a ó rí eegun pẹlẹbẹ èjìká tó ń rìn lábẹ́ awọ, ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú gùn ju bí a ṣe rò lọ, nítorí èjìká pàápàá ń bá a nà. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bọ́ síwájú, wọ́n á kọjá ibi tí ẹsẹ̀ iwájú wà, ẹ̀yìn á ká kò. Nígbà tí wọ́n bá tì í, ẹ̀yìn á nà tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ sísàlẹ̀. Ológbò ilé a máa fa èékánná rẹ̀ wọlé tó bá ń rìn. Ti àmọ̀tẹ́kùn kì í wọlé tán, nínú fíìmù yìí a sì rí iṣẹ́ wọn: wọ́n dé ilẹ̀ ṣáájú, wọ́n gbá a mú, wọ́n tú u sẹ́yìn. Ìrù ń yí, ó ń fì, gbogbo ìgbà tí ara bá fẹ́ yẹ̀ ni ó ti bọ́ sí òdìkejì.

Ìgbà méjì nínú ìgbésẹ̀ kan, kò sí ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀.

Èyí ló so iṣẹ́ Wilson mọ́ iṣẹ́ kan tó ti pé ọdún 134 nígbà náà. Ní 1878, ní Palo Alto ní California, Leland Stanford, ọlọ́rọ̀ tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ náà rí, fẹ́ mọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ń rìn gan-an lójú eré. Bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń kúrò nílẹ̀ pọ̀, bóyá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ènìyàn kò lè sọ. Eadweard Muybridge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, to kámẹ́rà 12 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Sallie Gardner sáré kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan kámẹ́rà sì yà á bó ti ń kọjá níwájú rẹ̀. Àwòrán fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kúrò nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ ikùn ni. Àwọn oníṣọ̀nà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ya ẹṣin láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, tí wọ́n ń na tẹ̀yìn sẹ́yìn lójú òfuurufú, ti ń ya ohun tí kò sí. Ó wù mí gan-an pé àmọ̀tẹ́kùn ń ṣe méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kó jọ, ó sì tún ń kúrò nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá nà tán. Ohun tí àwọn oníṣọ̀nà fi ẹ̀tàn yà lára ẹṣin, òtítọ́ ni lára Sarah, kámẹ́rà kan ṣoṣo tó ń sáré lórí irin ló sì fi í hàn láìsí àríyànjiyàn.

Láàárín Muybridge àti Wilson, ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ slow motion kì í ṣe oníṣẹ́ sinimá. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni, August Musger, tó ń kọ́ni ní ìlú Graz ní Austria. Ní 1904 ló gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń lo dígí tó ń yí. Kò rí owó tí yóò máa san lórí ìwé àṣẹ náà, nígbà tó sì di 1912 ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Dresden ní Jámánì ló mú ọ̀nà náà lò dé ọjà. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá rí iye owó tí wọ́n fi ń yá Phantom fún ọjọ́ kan.

Nínú ẹ̀rọ òde òní, ìrántí kámẹ́rà ni ibi tí iṣẹ́ ti le. Ẹ mú àwòrán tó jẹ́ 1920 ní ìbú, 1080 ní gíga, tí àmì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ bíìtì 12. Ní 1200 fúréèmù, ìṣẹ́jú àáyá kan irú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì mẹ́rin. Kò sí káàdì lásán tó lè gbé e mì bó ṣe ń dé. Kámẹ́rà á kọ́kọ́ kó o sínú ìrántí tó wà nínú ara rẹ̀, bí ìrántí náà bá sì jẹ́ gígábáìtì 32, kò lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó bá kún, kì í dúró. Àwòrán tuntun á máa pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan kọ̀wé sórí yanrìn tó sì ń fi èkejì pa á rẹ́. Nígbà gbogbo, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá wà nínú rẹ̀.

Èyí ló yí iṣẹ́ náà padà pátápátá. Onífídíò lásán ń tẹ bọ́tìnì kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń lo irú kámẹ́rà yìí lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ẹ wo Seal Island, erékùṣù kékeré nínú False Bay nítòsí Cape Town, níbi tí ẹja ńlá tí a ń pè ní àkurákudà ti máa ń fò jáde nígbà kan rí látinú omi láti ìsàlẹ̀ gbé ẹran òkun tí wọ́n ń pè ní seal. BBC fi í hàn nínú “Planet Earth” ní 2006, ó falẹ̀ nígbà ogójì: ẹja ńlá náà, gbogbo ara rẹ̀ wà lókè omi, omi ń ya kúrò lára rẹ̀, ó ń yí padà lójú òfuurufú bí ẹni pé kò ní wálẹ̀ mọ́. Ìfò náà kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò ti yọ, kò sí ẹni tó mọ ìgbà. Ọmọ ènìyàn tó bá rí nǹkan lójijì, á tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ìka rẹ̀ tó gbọ́. Ní ẹgbẹ̀rún fúréèmù, igba ti lọ nìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lórí àwòrán. Ẹni tó bá dúró de kí omi là kó tó tẹ bọ́tìnì á pàdánù ẹnu ẹja náà tó ń yọ, òun gan-an ni ohun tí a wá wò. Ìrántí tó ń yípo ló gbà wọ́n sílẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Ó gbọ́dọ̀ ti kọjú lẹ́ǹsì sí ibi tó tọ́ lórí òkun gbalasa, lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń mì, láàárọ̀ kùtù tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí kò yẹ kó tẹ bọ́tìnì. Lórí ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, wàá dúró kó kó ohun tó ní sí ibi ìpamọ́ kó tó lè ya òmíràn, ẹja kò sì mọ̀ pé o ń dúró. Nítorí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ á rí omi tó ta, á sì jẹ́ kó kọjá, nítorí ó mọ̀ pé ẹyẹ ni. Wákàtí pọ̀ tí ènìyàn fi ń wo omi kí ìka tó mọ ìyàtọ̀ yẹn. Kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn iṣẹ́ kékeré tí kò ní orúkọ: láàárín dídúró yẹn, á máa bo lẹ́ǹsì látìgbàdégbà kí kámẹ́rà tún mọ ohun tí òkùnkùn jẹ́, nítorí bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, dúdú inú àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í lábàwọ́n. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ó lè bò ó.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òkèèrè mọ́. Láti ìgbà tí kámẹ́rà bíi Sony FX3 ti dé, tó ń ya 120 fúréèmù ní 4K, onífídíò ìgbéyàwó ní Èkó àti Ìbàdàn ń gbé slow motion kọ́rùn lọ sí òde. Èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í lo 120 nínú gbọ̀ngàn. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń mì ní ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá, gílóòbù a sì máa tàn, a máa rẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà rí i. Bí a bá yà á ní 120, àwòrán á máa ṣẹ́jú, ògiri á máa dúdú á máa funfun lẹ́yìn ìyàwó. Ọ̀gá á yí kámẹ́rà sí PAL, ètò tó bá iná ìgbà 50 mu, á lo 100, á jẹ́ kí ojú rẹ̀ là fún ìdá kan nínú 100, gbogbo ẹ̀ á sì fara balẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá gbà á, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń gbìyànjú lábẹ́ ẹrù, ìmì iná náà lè yẹ̀ díẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tún wò ó. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó gbé ojú sókè wo gílóòbù kó tó wo ìyàwó. Inú mi dùn sí i, nítorí ó ti mọ ibi tí àwòrán rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní 100, tí a bá fi 25 hàn, nǹkan á falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ó tó fún owó tí wọ́n ń ná lé ìyàwó lórí, bí náírà ṣe ń yí nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀ sórí gèlè. Ó tó fún aṣọ-òkè tó wúwo tó bá ń fì lójú ijó. Kò yẹ fún ohun gbogbo. Fídíò tí mọ́tò falẹ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń mu omi falẹ̀, tí gbogbo àlejò tó wọlé falẹ̀, a kò mọ èwo ni ká fojú sí níbẹ̀ mọ́. Yíyan ohun tí a ó fà gùn ni ìdajì iṣẹ́ náà, mo sì rò pé òun ni ìdajì tó nira jù.

Ohun kan wà tí mo ń fẹ́ kí ẹnì kan fi irú kámẹ́rà Wilson yà fún wa. Onílù dùndún tó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń fún ọ̀ṣán, ọwọ́ ọ̀tún ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ. Ní 100, kọ̀ǹgọ́ ṣì ń yára ju kámẹ́rà lọ, òjìji ni orí rẹ̀ nígbà tó bá kan awọ. Ní 1000, a ó rí awọ náà bó ṣe ń jin, bó ṣe ń padà, a ó sì rí i bóyá ọwọ́ òsì ti fún ọ̀ṣán kí kọ̀ǹgọ́ tó balẹ̀, tàbí lẹ́yìn tó balẹ̀ ni ohùn ń gòkè. Ìbéèrè Stanford gan-an ni, lórí ìlù. Àmọ́ iṣẹ́ náà á gba nǹkan tí àmọ̀tẹ́kùn kò bèèrè. Slow motion kì í gbé ohùn dání. Bí a bá fa ohùn ìlù gùn ní ìlọ́po ogójì, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́, ohun tí àwọn tó ń tún fídíò òde ṣe sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á fi orin ẹlòmíràn bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ gba ohùn náà lọ́tọ̀, pẹ̀lú máíkì tó dára. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí onílù sọ lẹ́ẹ̀kan ní ìyára rẹ̀ gan-an, kó tó fi ọwọ́ hàn wá. Kó yà á níta lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kí kámẹ́rà wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlù, ní gíga kan náà pẹ̀lú awọ, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà nínú fúréèmù kan. Kó sì bi onílù pé ọ̀rọ̀ wo ni yóò sọ, kó lè mọ ìgbà tí yóò tẹ bọ́tìnì.